Dókítà ní G6PD ni, láàbù ní kò sí: èwo ni ká gbà?

Aránṣọ Òkè-Ajé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni mo ń bẹ̀ pé kó dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin mi kejì ni, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, kò fẹ́ jẹun. Aṣọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀gbẹ́rẹ̀gbẹ́ fẹ́ wọ̀ lọ Ojúde Ọba ti kún ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà, oníkálukú ń fóònù pé tòun dà. Àbúrò ọkọ mi ló gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa. Onítọ̀hún po oògùn fún un. Ẹ mọ irú rẹ̀: wọ́n á ka hóró látinú ike yìí, wọ́n á ka látinú ike tọ̀hún, wọ́n á dì í sínú bébà funfun, wọ́n á ní "ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́." Funfun wà níbẹ̀, yẹ́lò wà níbẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ méjì náà wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ lára ìkankan.

Ara rẹ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó ti ń lo oògùn yẹn ló lọ tọ̀, tó kígbe pé, "Mọ́mì, ẹ wá wò ó!" Ìtọ̀ inú póò yẹn dúdú bíi kóòkì. Mo bi í bóyá zóbò ló mu nílé ìwé, ó ní rárá. Nígbà tó fi máa dalẹ́, ẹyinjú rẹ̀ ti di yẹ́lò, ètè àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ṣì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì lè dìde jókòó.

Ìyá ọkọ mi ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, kí n lọ wá àgbo. Mo ní Màmá, ẹ ṣeun, mo gbé ọmọ pọ̀n, ó di ilé ìwòsàn. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, kò ju 16 lọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lóru yẹn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ibà, wọ́n tún ní òtútù àyà wà níbẹ̀. Dókítà bi mí pé kí ló ti lò tẹ́lẹ̀. Mo kó bébà yẹn fún un. Ó da hóró tó kù sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí wọn síwá yí wọn sẹ́yìn, ó wá wò mí lójú: "Ìyá, mi ò kí ń ṣe aláfọ̀ṣẹ o." Ó ní ó jọ G6PD lójú òun, pé ohun kan ló dín nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àwọn oògùn kan sì wà tí kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò rẹ̀. Èsì ti jáde: "Normal." Ọmọ ti padà sídìí bọ́ọ̀lù, èmi ni mi ò tíì sinmi. Dókítà ní ó wà, láàbù ní kò sí. Ẹ̀jẹ̀ AA ni ọmọ yìí o, káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ládìde. Ṣé oògùn inú bébà ló ṣe é ni, àbí ibà yẹn fúnra rẹ̀? Tíṣà rẹ̀ tún wá dá kún un, ó ní òun kà á pé ẹni tó bá ní G6PD kì í jẹ ẹ̀wà. Ọmọ tó jẹ́ pé àkàrà àti ògì ló fi ń jí! Ọkọ mi ní tirẹ̀ ní kò sí irú àrùn bẹ́ẹ̀ nílé àwọn. Ẹ gbà mí.

Bàbá Láàbù:

Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu. Ọlọ́run á dá a sí fún yín.

Iṣẹ́ láàbù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú èsì yìí kò ṣàjèjì sí mi. Dókítà kò purọ́, láàbù náà kò sì purọ́. Àkókò tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kò bójú mu.

G6PD tí dókítà pè é yẹn, orúkọ ẹ́ńsáìmù kan ni, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara; ẹni tí tirẹ̀ bá dín ni a máa ń sọ pé ó "ní G6PD." Inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Òun ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kẹ́míkà tó ń jó nǹkan láti inú. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan á lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Nínú irú G6PD tó wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní A mínọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì ní ẹ́ńsáìmù tó lè gbé e, ṣùgbọ́n bó ti ń gbó ni ẹ́ńsáìmù ń tán nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, àwọn tó ti gbó ló ń fọ́. Àwọ̀ inú wọn ló bá ìtọ̀ ọmọ yín jáde, òun náà ló sọ ojú rẹ̀ di yẹ́lò. Àwọn ọ̀dọ́ ló ṣẹ́ kù, ara sì ń sáré ṣe òmíràn kún wọn. Àwọn yìí ni láàbù yẹ̀ wò! Ẹ tún wá ro ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni tí wọ́n ti fà sí i mọ́ ọn. Ó dà bí ẹni tó wọ ọjà Òkè-Ajé yín lẹ́yìn tí gbogbo aláta ti palẹ̀ mọ́, tó wá lọ ròyìn pé wọn kì í ta ata lọ́jà náà.

Ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta sígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i, kí ara rẹ̀ sì le dáadáa, kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ sọ fún wọn ní láàbù pé ó gba ẹ̀jẹ̀ rí àti ọjọ́ tó gbà á. Bí wọ́n bá lè wọn iye ẹ́ńsáìmù náà ní nọ́ńbà, ó sàn ju kí wọ́n kàn kọ "ó wà" tàbí "kò sí." Kó tó dìgbà yẹn, ẹ máa ṣe é bí ẹni tó ní i.

Ẹ má sì rò pé ẹ nìkan ni. Nínú ọkùnrin márùn-ún ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ títí wọ́n fi darúgbó. Ibà ẹ̀fọn ló gbé e dúró láàárín wa. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀: Luzzatto, ará Ítálì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú Usanga àti Reddy, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1969. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí sẹ́ẹ̀lì wọn pé oríṣi méjì, apá kan ní ẹ́ńsáìmù, apá kejì kò ní. Inú èyí tó ní ni kòkòrò ibà pọ̀ sí jù. A jẹ́ pé ohun tó dá ọmọ yín lóró yìí ti gba ọ̀pọ̀ baba ńlá wa lọ́wọ́ ikú ibà.

Elégbòogi Ìjẹ̀bú-Igbó:

Gírámà pọ̀ jù níbí. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí ìyá ọkọ yín pè é náà ni. Àwọn bàbá wa ń wò ó kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ dé. Ìjẹ̀bú-Igbó kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wá gba ìgò méjì, kó máa mu ún láàárọ̀ lálẹ́, ẹ ó rí i bí ìtọ̀ yẹn ṣe máa mọ́.

Apòògùn Ṣágámù:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò bá àgbo jà, ìyá mi ń mu ún. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ lọ́wọ́, kídìnrín rẹ̀ ló ń ru gbogbo ìdọ̀tí yẹn. Ìgò tí a ò mọ ohun márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí bébà funfun yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìgò sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ẹ bi wá pé ṣé oògùn ni àbí àrùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oògùn nìkan ló ń fà á, kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn tó wọ ara fúnra rẹ̀ lè fà á láìsí oògùn kankan. Òtútù àyà lè fà á, taifọ́ọ̀dù lè fà á, àrùn ẹ̀dọ̀ lè fà á, ibà náà ń dá kún un. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá dojú ìjà kọ kòkòrò, kẹ́míkà tó ń jó nǹkan ló ń tú dà sí i, sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò ní ààbò á sì jóná níbi tí kò bá wọn dá sí ìjà. Ọmọ yín ní ibà, ó ní òtútù àyà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn hóró inú bébà yẹn. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ni, torí oògùn tó bá fẹ́ ṣe é, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló máa ń fara hàn. A ò ní mọ̀ láéláé, nítorí ẹnì kan kò kọ orúkọ sára oògùn tó tà. Èyí ló ń bí mi nínú nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ má gba oògùn tí wọ́n dì sí bébà mọ́, bó ti wù kó wọ́n tó kí ẹ ra odindi páálí. Ẹ tọ́jú páálí náà títí ọmọ á fi gbádùn.

Àwọn tó burú gan-an fún un: primaquine, oògùn ibà kan, ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe ìtọ́jú ọlọ́jọ́ púpọ̀ (lára òun ni wọ́n ti mọ àléébù yìí ní Amẹ́ríkà, ọdún 1956 ni Carson àti Alving àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ jáde pé G6PD ló dín), dapsone, tí wọ́n fi ń wo ẹ̀tẹ̀, tí wọ́n sì pò mọ́ oògùn ibà kan rí, kí wọ́n tó kó oògùn ọ̀hún kúrò lọ́jà lọ́dún 2008 nítorí pé ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọmọ yìí, nitrofurantoin, tí wọ́n ń fún ẹni tí ìtọ̀ ń ta, nalidixic acid, tí wọ́n ń lò fún ìgbẹ́ gbuuru tẹ́lẹ̀, àti methylene blue. Septrin àtàwọn ẹbí rẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí wọn. Ọ̀pọ̀ ń lò ó tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó mọ ìtàn ọmọ yín ló pinnu, kì í ṣe ẹni tó wà nídìí káńtà.

Oògùn ibà tó ní artemether àti lumefantrine kò léwu fún un. Parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tó yẹ kò léwu. Amoxicillin kò léwu. Mo ń sọ èyí torí mo ti rí ìyá tí ẹ̀rù bà débi pé kò fún ọmọ ní oògùn kankan mọ́. Ibà tí a ò wò á fọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn ju oògùn lọ.

Ọjọ́ tí ìtọ̀ rẹ̀ bá tún dúdú, ẹ dá oògùn dúró, ẹ fún un lómi, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Bí ìtọ̀ bá ń kéré sí i, ẹ sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ sọ fún tíṣà pé a kí i. Ẹ̀wà tó kà nípa rẹ̀ ni fava, ẹ̀wà ńláńlá kan tí àwọn ará Ítálì, Gíríìsì àti Íjíbítì ń jẹ. Kì í ṣe ẹ̀wà olóyin, kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù. Kí ọmọ máa jẹ àkàrà rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Ìlíṣàn:

Ẹ ṣeun gan-an, Apòògùn. Táyé tèmi, ọkùnrin, ló ní i. Kẹ́hìndé, obìnrin, kò ní. Taifọ́ọ̀dù ló tú àṣírí tiwa, kò tíì lo oògùn kankan tí ìtọ̀ rẹ̀ fi yí padà, nítorí náà ẹ gba ohun tí wọ́n sọ nípa àrùn yẹn gbọ́.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kọ G6PD gàdàgbà sí ojú káàdì kan, mo kọ orúkọ àwọn oògùn yẹn sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní kí àwọn oníkọ̀ǹpútà fi ọ̀rá bò ó. Ọ̀kan wà nínú báàgì ilé ìwé, ọ̀kan wà nílé ìyá mi, ọ̀kan wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Olóògùn kan gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá òde òní, ẹ ti di dókítà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ bá mi wò ó bóyá èyí tí ẹ fẹ́ fún mi wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀!

Aránṣọ Òkè-Ajé:

Ọlọ́run á ṣe ti gbogbo yín ní rere. Bàbá, mo ti fi oṣù mẹ́ta náà sórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ìbejì, káàdì yẹn, ọ̀la ni mo máa ṣe é.

Ọkọ mi ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lánàá. Ibi tó dúró sí ni pé Táyé ní i, Kẹ́hìndé kò ní. Ó ní ẹ ṣàlàyé ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Èmi náà sì ní ìdí tí mo fi fẹ́ mọ̀: àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ìkẹ́nnẹ́, oṣù tó ń bọ̀ ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin ni.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ:

Ẹ kú àfojúsọ́nà ti àbúrò. Agbẹ̀bí ni mí ní ìhà Ìpẹru níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ọkọ yín sòótọ́, kò wá láti ilé wọn. Ara kírómósóòmù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ohun tí a jogún, ni àléébù náà wà, X kan ṣoṣo tí ọmọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Bàbá kì í fún ọmọkùnrin ní X. Ṣùgbọ́n kó má fi ṣe orin kọ sí yín létí, torí kò sí ẹni tó yan ohun tó jogún. Ẹ̀yin ní X méjì, ọ̀kan ń bo èkejì láṣìírí, ìdí nìyẹn tí nǹkan kan ò fi ṣe yín. Nínú gbogbo ọmọkùnrin tí ẹ bá bí, ó lè jẹ́ ìdajì ló máa gbà á. Ẹ yẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wò.

Àbúrò yín wá ńkọ́? Bó bá jẹ́ bàbá yín ló ní i, gbogbo ọmọbìnrin bàbá yín ló gbé e, òun náà ń bẹ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá yín ló ti wá, ó lè gbé e, ó lè má gbé e. Èmi kò ní dúró wádìí kí n tó ṣọ́ ọmọ náà.

Ọmọ tuntun ni nǹkan yìí ti ń dá mi lẹ́rù jù. Ojú á pọ́n, ara á pọ́n, yẹ́lò náà á sì lọ sínú ọpọlọ bí wọn ò bá tètè wò ó. Ọmọ tó bá yè é lè di adití, ó lè má lè gbé ọrùn dúró. Kí àbúrò yín fi ìka tẹ iwájú orí ọmọ nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́, kó wo àwọ̀ tó wà lábẹ́ ìka bó bá gbé e kúrò. Bí ojú bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, bí ọmọ bá ń sùn tí kò fẹ́ fa ọmú, bó bá ń na ẹ̀yìn gan, bí igbe rẹ̀ bá ń ta gooro, kí wọ́n má gbé e sínú oòrùn o, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oòrùn àárọ̀ tí àwọn ìyá wa ń yá ọmọ kò tó. Iná aláwọ̀ búlúù ló nílò, nígbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ohun tí a fi ń tọ́jú ọmọ níbí wà lára ohun tó ń fà á. Kánfọ̀ roboto funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ, òun ni olórí wọn. Ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ra ìdodo àti àyà, páúdà tó máa ń tutù lára, kí wọ́n má fi kàn án. Olowe àti Ransome-Kuti ti kọ ọ́ láti ọdún 1980 pé mẹ́ńtọ́ọ̀lù ń dá kún pípọ́n ojú irú àwọn ọmọ yìí. Ransome-Kuti tó wá di mínísítà ètò ìlera ni mo ń sọ o. Ẹ̀gbá ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde yín níbẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí ní 1927, nígbà tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé Gírámà, nítorí náà ẹ lè pín nínú rẹ̀. Làálì náà, bí wọ́n bá ń lé e níbi ìsọmọlórúkọ, kó má kan ara ọmọ. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kó má sì lo àwọn oògùn tí Apòògùn kà sílẹ̀ yẹn, torí wọ́n lè bá ọmú wọlé.

Aránṣọ Òkè-Ajé:

Mo ti pè é. Àpótí aṣọ ọmọ ti wà nílẹ̀ látoṣù tó kọjá, kánfọ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn tò ó. Ó ní ẹnu òun ò gbà á láti sọ fún wọn. Ṣé bó bá fọ̀ wọ́n tó sá wọn sóòrùn, kò ní tó?

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ:

Èmi ò ní gbára lé fífọ̀ fún ọmọ tuntun, kánfọ̀ máa ń wọnú aṣọ. Kó ra aṣọ mẹ́rin márùn-ún àti ìlédìí tuntun, kó fọ̀ wọ́n, kó kó wọn sínú báàgì mìíràn tí kánfọ̀ kò wọ̀ rí. Àwọn ti inú àpótí yẹn, kó kó wọn jáde sí atẹ́gùn, bí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀ tí wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ká tó sọ̀rọ̀ lé wọn lórí. Ti ìyá ọkọ, kó ní nọ́ọ̀sì ló fòfin dè é nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó wà nílé yín, kó gbé fóònù fún mi bí wọ́n bá fẹ́ bá mi wí. Ibi tó fẹ́ bí sí, kó béèrè lọ́wọ́ wọn kó tó rọbí bóyá wọ́n ní iná búlúù yẹn, bóyá ó sì ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá mú iná ìjọba lọ. Bí wọn ò bá ní in, kó mọ ọ̀nà OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ṣágámù, láti Ìkẹ́nnẹ́ kó tó di òru.